Líìgì ilé ló ń yan Super Eagles, kì í ṣe akọ́nimọ̀ọ́gbá nìkan

Ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Òwe yìí ló yẹ kó kọ́kọ́ wá sọ́kàn gbogbo ẹni tó ń ṣàríyànjiyàn nígbàkúùgbà tí wọ́n bá gbé orúkọ àwọn tí yóò gbá bọ́ọ̀lù fún Nàìjíríà jáde. Bí orúkọ náà bá ti jáde báyìí, kì í pẹ́ tí ariwo fi máa ń gba ìlú kan. Àwọn kan yóò ní kò yẹ kí wọ́n mú lágbájá nítorí pé ara rẹ̀ kò tíì yá dáadáa. Àwọn mìíràn yóò ní tàmẹ̀dò ni wọn ì bá mú. Àwọn tó kù yóò sì máa bèèrè pé ṣé kò wá sí ẹyọ ẹnì kan tó mọ bọ́ọ̀lù gbá nínú líìgì ilé ni. Bí ọ̀rọ̀ náà ṣe máa ń gbóná ní ibùdókọ̀ Ore, níbi tí àwọn èrò Èkó àti Benin ti ń sọ̀ kalẹ̀ jẹun, bẹ́ẹ̀ náà ló máa ń gbóná ní Agbabu, nínú ìjọba ìbílẹ̀ Odigbo, ní Ìpínlẹ̀ Oǹdó.

Ẹ má ṣe rò pé ọ̀rọ̀ eré lásán ni. Ní ọjọ́ 29, oṣù kẹta, ọdún 2022, ọ̀mì 1-1 tí Nàìjíríà gbá pẹ̀lú Ghana ní Abuja ló lé wọn kúrò lọ́nà Qatar, nítorí góòlù kan ṣoṣo tí Ghana gbá sílé onílé. Ní ọjọ́ 16, oṣù kọkànlá, ọdún 2025, ìyà tó jọ ọ́ tún ṣẹlẹ̀ ní Rabat, lórílẹ̀-èdè Morocco. Ọ̀mì 1-1 náà ni, DR Congo sì fi pẹ́náritì 4-3 borí. Bí ife-ẹ̀yẹ àgbáyé méjì tẹ̀léra ṣe bọ́ lọ́wọ́ orílẹ̀-èdè tí èrò rẹ̀ pọ̀ jù lọ ní gbogbo ilẹ̀ adúláwọ̀ nìyẹn. Lóòótọ́, ikọ̀ náà gbìyànjú láti nu omijé àwọn èèyàn nígbà tí wọ́n gba ipò kẹta nínú ìdíje ife-ẹ̀yẹ ilẹ̀ Áfíríkà ní Morocco lóṣù kìn-ín-ní, ọdún 2026. Ṣùgbọ́n ipò kẹta yẹn kò dáhùn ìbéèrè tó wà nílẹ̀.

Ìbéèrè náà ni pé ta ni ẹ̀bi yìí tọ́ sí gan-an? Ọ̀pọ̀ èèyàn ló máa ń sáré di ẹ̀bi náà ru akọ́nimọ̀ọ́gbá. Ẹ jẹ́ ká wo bí nǹkan ṣe lọ. Lẹ́yìn tí José Peseiro kó àwọn ọmọ rẹ̀ dé àṣekágbá ìdíje ilẹ̀ Áfíríkà lóṣù kejì, ọdún 2024, tí Côte d'Ivoire sì fi 2-1 gba ife mọ́ wọn lọ́wọ́, ó fi iṣẹ́ náà sílẹ̀. Finidi George gba ipò rẹ̀ lóṣù kẹrin, ó sì ti kọ̀wé fipò sílẹ̀ lóṣù kẹfà, lẹ́yìn ọ̀mì pẹ̀lú South Africa ní Uyo àti ìyà 2-1 lọ́wọ́ Benin Republic. Augustine Eguavoen bá wọn dì í mú fúngbà díẹ̀. Nígbà tí ọdún 2025 bẹ̀rẹ̀, àjọ NFF tó ń rí sí ọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù gbé e fún Éric Chelle. Láàárín ọdún kan péré, èèyàn mẹ́rin ló ti jókòó sórí àga kan. Ohun tí wọ́n ń ṣe kò yàtọ̀ sí ti baálé ilé tó ń lé alásè kan, tó ń gba òmíràn, ṣùgbọ́n tí kò jẹ́ yọjú wo inú àká bóyá iṣu ṣì wà níbẹ̀.

Àká tí àkọ́nimọ̀ọ́gbá yòówù ti ń bu oúnjẹ ni líìgì ilé. Bí ibẹ̀ bá ṣófo, kò sí bí wọ́n ṣe lè sè é kó dùn. Ìgbà kan sì wà tí àká náà kún. Ní ọjọ́ 22, oṣù kẹta, ọdún 1980, ní pápá ìṣeré Súrùlérè, Nàìjíríà na Algeria ní 3-0, wọ́n sì gba ife ilẹ̀ Áfíríkà fún ìgbà àkọ́kọ́. Ṣẹ́gun Ọdẹ́gbàmí ló gbá méjì wọlé, Múdà Lawal gbá ẹyọ kan. IICC Shooting Stars ti Ìbàdàn làwọn méjèèjì ń gbá bọ́ọ̀lù fún nígbà náà. Christian Chukwu tó jẹ́ ọ̀gá àwọn agbábọ́ọ̀lù náà, Rangers ti Enugu ni tirẹ̀. Kò sẹ́ni tó ń bèèrè pé ṣé kí wọ́n mú agbábọ́ọ̀lù ilé, nítorí pé àwọn ará ilé ni ikọ̀ náà fúnra rẹ̀.

Ọdún 2013 tún fi hàn pé ọ̀nà náà kò tíì dí tán. Olóògbé Stephen Keshi mú èèyàn mẹ́fà láti inú líìgì ilé lára àwọn 23 tó kó lọ sí South Africa. Ọ̀kan nínú wọn, Sunday Mba, ló gbá góòlù tó lé Côte d'Ivoire kúrò, òun náà ló sì gbá góòlù kan ṣoṣo tí wọ́n fi na Burkina Faso ní àṣekágbá, ní ọjọ́ 10, oṣù kejì. Ọ̀kan tó sún mọ́ ará Oǹdó jù nínú wọn ni Godfrey Oboabona. Sunshine Stars ti Àkúrẹ́ ló ń gbá bọ́ọ̀lù fún nígbà tó ń ṣọ́ ẹ̀yìn fún Nàìjíríà lọ́jọ́ náà. Kó tó kúrò ní Àkúrẹ́ lọ sí Rizespor ní ilẹ̀ Turkey, ó ti gba àmì ẹ̀yẹ wúrà ilẹ̀ Áfíríkà sọ́rùn. Ọmọ tó bá ń ta bọ́ọ̀lù lórí iyẹ̀pẹ̀ ní Ore tàbí Agbabu lọ́dún náà mọ̀ pé ọ̀nà kan wà tó bẹ̀rẹ̀ láti ìpínlẹ̀ òun, tó sì dé orí àga ọlá.

Oboabona kò dédé hù bí olú. Kíláàbù tó tọ́ ọ ń bá àwọn àgbà figagbága nígbà náà. Lọ́dún 2011, Sunshine Stars dé ìpele tó ṣáájú àṣekágbá nínú ìdíje Confederation Cup ilẹ̀ Áfíríkà, kí Club Africain ti Tunisia tó dá wọn dúró. Lọ́dún 2012, wọ́n tún dé irú ìpele yẹn nínú Champions League, tó ju ti àkọ́kọ́ lọ. Wọ́n gbá ọ̀mì 3-3 pẹ̀lú Al Ahly ti Egypt, kí Al Ahly tó fi góòlù kan ṣoṣo yọ wọ́n sílẹ̀ ní Cairo. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká rántí ibi tí wọ́n ti gba Al Ahly lálejò. Kì í ṣe Àkúrẹ́ ni, Ìjẹ̀bú-Òde ní Ìpínlẹ̀ Ògùn ni. Kíláàbù tó fẹ́ gba ife Áfíríkà ní láti yá pápá ní ìpínlẹ̀ ẹlòmíràn. Àwọn tó gbọ́n ti rí àmì ohun tó ń bọ̀ láti ọjọ́ yẹn. Ní ìparí sáà 2024/2025, Sunshine Stars já kúrò nínú líìgì tó ga jù. Lọ́dún kan náà ni Remo Stars ti Ìkẹ́nnẹ́, tí kì í ṣe ti ìjọba, gba líìgì náà fún ìgbà àkọ́kọ́.

Bí ẹnì kan bá wá ń bèèrè ìdí tí kò fi sí ọmọ Àkúrẹ́ nínú Super Eagles mọ́, ìdáhùn ti wà nílẹ̀. Kì í ṣe pé ẹsẹ̀ àwọn ọmọ náà ti kú. Àtẹ̀gùn tí wọn ìbá gùn ló ti ń wó.

Ètò líìgì náà fúnra rẹ̀ ti jìyà púpọ̀. Ọdún 1972 ni ìdíje náà bẹ̀rẹ̀, ọdún 1990 ló sì di ti àwọn tó ń fi bọ́ọ̀lù ṣiṣẹ́ jẹun. Ilé iṣẹ́ tí wọ́n ń pè ní LMC gba àbójútó rẹ̀ lọ́dún 2012, ó sì tún nǹkan púpọ̀ ṣe. Síbẹ̀, ìdádúró kò jẹ́ kí sáà rẹ̀ gún. Lọ́dún 2018, ọ̀sẹ̀ 24 péré ni wọ́n gbá nínú 38 tí wọ́n fi dá líìgì dúró, tí wọ́n sì fi Lobi Stars tó wà lókè ránṣẹ́ sí ìdíje Áfíríkà. Lọ́dún 2019, wọ́n pín àwọn kíláàbù sí ọ̀nà méjì kí wọ́n lè tètè parí. Lọ́dún 2020, àrùn kòrónà dá a dúró. Lẹ́yìn tí LMC kógbá sílé lọ́dún 2022, ìgbìmọ̀ kan tí Gbenga Elegbeleye, ọmọ Ìpínlẹ̀ Oǹdó, jẹ́ alága rẹ̀ gba iṣẹ́ náà. Oṣù kìn-ín-ní, ọdún 2023, ni wọ́n tó lè bẹ̀rẹ̀ sáà tiwọn, ọ̀nà méjì náà ni wọ́n sì tún pín in sí.

Òótọ́ tó wà níbẹ̀ ni pé láti ìgbà náà, nǹkan ti ń yí padà. Sáà 2023/2024 àti 2024/2025 gún régé láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ẹ̀bùn ẹni tó bá gba líìgì kúrò ní mílíọ̀nù 100 náírà lọ́dún 2023, ó di mílíọ̀nù 150 lọ́dún 2024, ó sì di mílíọ̀nù 200 lọ́dún 2025. Ẹni tó bá ní àtúnṣe kankan kò sí, kò ṣòótọ́. Ṣùgbọ́n owó ẹni tó borí nìkan kọ́ ló ń tún líìgì ṣe. Ọ̀pọ̀ kíláàbù ló ṣì jẹ́ ti ìjọba ìpínlẹ̀. Bí gómìnà bá fẹ́ràn bọ́ọ̀lù, agbábọ́ọ̀lù yóò jẹun. Bí kò bá fẹ́ràn rẹ̀, owó oṣù yóò di gbèsè. Kò sí ẹni tó lè fi irú ètò bẹ́ẹ̀ tọ́ agbábọ́ọ̀lù fún ọdún mẹ́rin, nítorí pé ìdìbò kan ṣoṣo ti tó láti dà á rú.

Ọ̀rọ̀ ìlera ló tún wá so mọ́ èyí, ibẹ̀ sì ni ewu tó ju ìjákulẹ̀ lọ wà. Ní ọjọ́ 12, oṣù kẹjọ, ọdún 1989, Samuel Okwaraji ṣubú lórí pápá Súrùlérè nígbà tí Nàìjíríà ń gbá bọ́ọ̀lù pẹ̀lú Angola, kò sì dìde mọ́. Ọmọ ọdún 25 ni. Àyẹ̀wò fi hàn lẹ́yìn ikú rẹ̀ pé ọkàn rẹ̀ tóbi ju bó ṣe yẹ lọ, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ sì ń ru. Lọ́dún 1996, kété tí Nwankwo Kanu ti ìdíje Olympic dé pẹ̀lú wúrà, àwọn dókítà Inter Milan yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n rí àléébù lára ọkàn rẹ̀, wọ́n sì ṣe iṣẹ́ abẹ fún un ní Amẹ́ríkà. Ó tún gbá bọ́ọ̀lù fún ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn náà. Àyẹ̀wò tí kíláàbù kan ṣe kó tó jẹ́ kó wọ pápá ló gba ẹ̀mí rẹ̀ là. Ní ọjọ́ 8, oṣù kẹta, ọdún 2020, Chineme Martins, agbábọ́ọ̀lù Nasarawa United, ṣubú ní Lafia nínú ìdíje líìgì, ó sì kú. Ó ti lé ní 30 ọdún tí Okwaraji ti lọ, ìbéèrè kan náà làwọn èèyàn ṣì ń bèèrè: ta ló yẹ ọkàn àwọn ọmọ wọ̀nyí wò kí sáà tó bẹ̀rẹ̀?

Kì í ṣe ọkàn nìkan. Okun ara tí agbábọ́ọ̀lù fi ń sáré fún àádọ́rùn-ún ìṣẹ́jú, oúnjẹ, oorun àti ìrìn àjò ló ń fún un. Ọ̀pọ̀ kíláàbù ló ń gba ojú títì rin ìrìn ọjọ́ kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ kí wọ́n tó gbá bọ́ọ̀lù. Àwọn ará Ore mọ̀ nípa èyí ju ẹlòmíràn lọ. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2021, ọ̀nà Benin sí Ore ni àwọn adigunjalè ti dá ọkọ̀ Adamawa United lọ́nà, nígbà tí wọ́n ń lọ pàdé MFM ní Èkó. Wọ́n jà wọ́n lólè, wọ́n sì gbé awakọ̀ wọn lọ. Irú okun wo ni ẹni tó sun inú ọkọ̀, tí ẹ̀rù sì ń bà, yóò fi sáré lọ́jọ́ kejì?

Àwọn tó wà ní ilẹ̀ Yúróòpù náà ní ìṣòro tiwọn. Victor Boniface farapa ní ọjọ́ díẹ̀ sí ìdíje Áfíríkà tó wáyé ní Côte d'Ivoire, Terem Moffi ni wọ́n sì fi rọ́pò rẹ̀. Ní oṣù kẹsàn-án, ọdún 2025, Victor Osimhen farapa nígbà tí wọ́n ń gbá bọ́ọ̀lù pẹ̀lú Rwanda ní Uyo, kò sì lè bá wọn lọ pàdé South Africa. Ní Rabat lóṣù kọkànlá, ìlàjì àkọ́kọ́ nìkan ló gbá kí ara tó kọ̀ ọ́, òun tí gbogbo ìlú gbójú lé. Ẹ wò ó bí ọ̀rọ̀ ṣe rí: bí ẹsẹ̀ ẹnì kan bá ti ń dun ún, ìrètí èèyàn tó ju igba mílíọ̀nù lọ náà ń tiro. Orílẹ̀-èdè tí líìgì rẹ̀ bá lágbára máa ń ní ẹni kejì àti ẹni kẹta tó ti wà ní sẹpẹ́.

Àwọn kan yóò ní ẹ̀rí wà pé àwọn ará ilé kò kúnjú ìwọ̀n. Wọn kò parọ́. Ní oṣù kẹjọ, ọdún 2025, ikọ̀ tí wọ́n fi àwọn agbábọ́ọ̀lù ilé nìkan kó jọ lọ sí ìdíje CHAN. Senegal na wọ́n ní 1-0, Sudan fi 4-0 fìyà jẹ wọ́n, ìgbà tí wọ́n sì fi máa na Congo ní 2-0, ilé ti tó lọ. Sudan tó na wọ́n yìí, ogun ń jà nílùú wọn. Ṣùgbọ́n kí wọ́n tó fi èyí dá àwọn ọmọ náà lẹ́bi, ẹ jẹ́ kí wọ́n wo kàlẹ́ńdà. Oṣù karùn-ún ni líìgì Nàìjíríà ti parí, ìdíje náà kò sì bẹ̀rẹ̀ títí di oṣù kẹjọ. Ẹni tí kò gbá bọ́ọ̀lù tó le fún bí oṣù méjì ni wọ́n ní kó lọ sáré pẹ̀lú Áfíríkà. Ìdíje tó jẹ́ tiwọn gan-an, àárín ìsinmi ni wọ́n ti bá a.

Fún ìdí èyí, àwọn tó ń pariwo pé kí NFF fi dandan pín àyè díẹ̀ fún àwọn ará ilé nínú Super Eagles kò tíì débi ọ̀rọ̀. Àyè tí wọ́n bá fi àánú fúnni kò lè na Sudan. Nínú ìdíje Côte d'Ivoire, Ọlọ́runlékè Ojo, aṣọ́lé Enyimba, nìkan ni wọ́n mú láti líìgì ilé, ikọ̀ náà sì dé àṣekágbá. Kò sí akọ́nimọ̀ọ́gbá tó fẹ́ kí iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ òun tí yóò fi ẹni tí kò tó gbangba sùn lọ́yẹ́ síwájú. Ohun tó yẹ kí wọ́n béèrè ni pé kí líìgì sọ àwọn ọmọ náà di ẹni tí kò ṣeé fò dá.

Orílẹ̀-èdè India fi ẹ̀kọ́ kan lélẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ yìí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kíríkẹ́ẹ̀tì, eré tí wọ́n ń fi igi pẹlẹbẹ gbá bọ́ọ̀lù kékeré, ni tiwọn. Ranji Trophy ni ìdíje abẹ́lé wọn tó lọ́jọ́ lórí jù, láti ọdún 1934 ló ti wà. Nígbà tí wọ́n rí i pé àwọn ìràwọ̀ wọn ń sá fún un, àjọ BCCI yọ Ishan Kishan àti Shreyas Iyer kúrò lára àwọn tí wọ́n ń bá tọwọ́ bọ̀wé lóṣù kejì, ọdún 2024. Lẹ́yìn tí New Zealand na India 3-0 nílé, tí Australia sì na wọ́n 3-1, wọ́n ṣòfin lóṣù kìn-ín-ní, ọdún 2025 pé ẹni tó bá fẹ́ ṣojú orílẹ̀-èdè gbọ́dọ̀ kópa nínú ìdíje abẹ́lé. Virat Kohli tí kò yọjú sí Ranji láti ọdún 2012 padà sí i lóṣù náà. Ẹ tún wo Sarfaraz Khan, ẹni tí wọ́n ti ń fi sísanra rẹ̀ ṣàríyànjiyàn tipẹ́. Iṣẹ́ tó ṣe nínú Ranji fún ọ̀pọ̀ sáà ló ṣí ilẹ̀kùn fún un lọ́dún 2024.

Nàìjíríà kò lè ní kí Osimhen wá gbá bọ́ọ̀lù ní Àkúrẹ́, kíláàbù tó ń san owó oṣù rẹ̀ kò ní í gbà. Ṣùgbọ́n kókó ẹ̀kọ́ náà kò yí padà: àwọn ará India gbà pé ìdíje abẹ́lé ni òṣùwọ̀n. Bí wọ́n bá fẹ́ mọ̀ bóyá ara agbábọ́ọ̀lù le tàbí kò le, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń wò ó. Ní Nàìjíríà, òṣùwọ̀n náà fúnra rẹ̀ ló ti fọ́.

Agbabu lè yé àwọn aláṣẹ ju India lọ. Ó ti lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún tí wọ́n ti rí ọ̀dà tí wọ́n fi ń ṣe kọ́ltá nínú ilẹ̀ ibẹ̀. Gbogbo ìjọba tó jẹ ló ti sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀. Síbẹ̀, ọ̀dà tí wọ́n rà wá láti òkè òkun ni Nàìjíríà ṣì fi ń tẹ́ ojú títì rẹ̀. Bọ́ọ̀lù ilé náà kò yàtọ̀. Ohun àlùmọ́ọ́nì wà nílẹ̀, wọ́n ń dúró de èyí tí ẹlòmíràn ti wà jáde, tó ti fọ̀ mọ́.

Iṣẹ́ tó wà níwájú kò ju agbára lọ. Ìjọba ìbílẹ̀ 18 ló wà ní Ìpínlẹ̀ Oǹdó. Bí ọ̀kọ̀ọ̀kan bá ní ìdíje tó ń lọ láti oṣù dé oṣù, tí pápá kan tó tẹ́jú sì wà ní Ore, ọmọ Agbabu kò ní í nílò láti wọkọ̀ gba Oǹdó lọ sí Àkúrẹ́ kí ẹnikẹ́ni tó rí ẹsẹ̀ rẹ̀. Bí àyẹ̀wò ọkàn bá di ohun tí kò sí kíláàbù tó lè forúkọ agbábọ́ọ̀lù sílẹ̀ láìṣe, àwọn òbí yóò fọkàn balẹ̀. Bí wọ́n bá fi owó oṣù ṣe òfin, tí wọ́n ń yọ àmì kúrò lára kíláàbù tó bá jẹ gbèsè, àwọn gómìnà yóò ṣọ́ra. Bí kàlẹ́ńdà líìgì bá sì bá ti ìdíje Áfíríkà mu, CHAN kò ní í tún bá wọn lórí ibùsùn.

Ẹni tó ń dúró de orúkọ tuntun láti ẹnu akọ́nimọ̀ọ́gbá lè máa dúró. Ọjọ́ tí ọmọ ọdún 12 kan ní Odigbo bá lè ka àtẹ̀gùn tó wà níwájú rẹ̀ lẹ́sẹẹsẹ, láti pápá Ore dé Àkúrẹ́, láti Àkúrẹ́ dé Super Eagles, tí kò sì sí èyí tó ti ṣẹ́ nínú wọn, ọjọ́ náà ni àtúnṣe tó bẹ̀rẹ̀.